A Kì Í Gé Ẹsẹ̀ Bá Ṣòkòtò: Ìtàn Ṣòkòtò Péńpé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí ènìyàn bá ṣe múra ni àwọn ará ìta yóò ṣe kí i. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ aṣọ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ eré láàárín wa. Nínú gbogbo aṣọ tí àwa ọ̀dọ́ ń wọ̀, èyí tó ń kó ìtìjú bá wa jù lọ ni ṣòkòtò tí kò balẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní ṣòkòtò péńpé, àwọn kan ń pè é ní níkà, bí ó bá sì kọjá orúnkún díẹ̀, a ń pè é ní tirikọ́tà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi ìdí tí wọn kì í fi í wọ̀ ọ́, ìdáhùn kan náà ni ẹ ó máa gbọ́: "Ẹsẹ̀ mi kò dára fún un." Ẹni tó kúrú ní òun kúrú jù. Ẹni tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ní òun yóò dà bí lékeléke. Ẹni tí itan rẹ̀ tóbi ní yóò fún òun pa. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ síta bí ọrun ọdẹ ní òun kò lè gbé e jáde láéláé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo sì wà lára àwọn tó kúrú jù lọ ní kíláàsì mi. Mo gbọ́ gbólóhùn yìí títí, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé: báwo ni ó ṣe di pé ẹsẹ̀ ni kò dára fún aṣọ, tí kì í ṣe aṣọ ni kò dára fún ẹsẹ̀? Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ ṣòkòtò tí kò balẹ̀ láti ayé àtijọ́ títí di òní. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé láyé àwọn baba wa, iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe àti ara tí ó ní ló ń sọ bí ṣòkòtò rẹ̀ yóò ṣe gùn tó. Ẹ̀yìn ìgbà tí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀nà jíjìn dé ní rírán tán ni a bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹsẹ̀ lẹ́bi.

Kí n tó dé ilé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya òkèèrè, nítorí pé ìtàn ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹṣin. Lára àwọn ṣòkòtò tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí àwọn awalẹ̀pìtàn tíì rí ni àwọn tí wọ́n hú jáde ní ibojì àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Yanghai, nítòsí Turpan, ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà. Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun wọ́n, wọ́n sì ti wà láti nǹkan bí 3,000 ọdún sí 3,300 ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó wọ̀ wọ́n jẹ́ agẹṣin. Ẹni tó bá da aṣọ bora lásán kò lè gun ẹṣin jìnnà kí itan rẹ̀ má bó. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọn kò fi abẹ gé aṣọ náà rárá. Wọ́n hun ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n hun àárín rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì hun ún ní ìwọ̀n ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, kí wọ́n tó rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èyí ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ara ènìyàn ló ṣáájú, aṣọ ló tẹ̀ lé e.

Àwa náà mọ ẹṣin. Ọ̀yọ́ Ilé gbajúmọ̀ nítorí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí ń gun ẹṣin, ilẹ̀ ọ̀dàn sì gba ẹṣin ju igbó lọ, nítorí pé eṣinṣin tó wà nínú igbó a máa kó àrùn ran ẹṣin, a sì máa pa á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agẹṣin nìkan ló nílò ṣòkòtò. Àgbẹ̀ tó ń jí lọ sóko ní àfẹ̀mọ́jú nílò aṣọ tí ìrì kò ní í rẹ títí dé ìbàdí. Ọdẹ nílò èyí tí ẹ̀gún kò ní í fà ya. Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ nílò èyí tí kò ní í kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló ń wọ ṣòkòtò tó mọ sí orúnkún, tàbí tó kọjá rẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹsẹ̀ wọn bóyá ó rí rogodo tàbí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wò.

Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, kò fojú fo ọ̀rọ̀ yìí. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé náà sọnù lẹ́yìn tí ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó fún títẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún ìwé náà tò, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Nínú ìwé yìí ni a ti rí i pé ṣòkòtò àwọn baba wa kì í ṣe ẹyọ kan. Òmíràn fẹ̀, òmíràn fún. Òmíràn mọ sí orúnkún, òmíràn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó ń wọ̀ ọ́.

Méjì nínú orúkọ àwọn ṣòkòtò ilẹ̀ wa tí a ṣì ń gbọ́ títí di òní ni ṣọ́ọ̀rọ̀ àti kẹ̀ǹbẹ̀. Ṣọ́ọ̀rọ̀ gùn, ó sì fún ní ìsàlẹ̀. Kẹ̀ǹbẹ̀ fẹ̀ gbàgàdà, ó kúrú, ó sì ní okùn tí a fi ń so ó mọ́ ìbàdí. Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n tó wà nínú kẹ̀ǹbẹ̀ dáadáa. Nítorí pé ó ní okùn, ẹni tó sanra àti ẹni tó rù lè wọ ọ̀kan náà. Ẹni tó bá sanra sí i lẹ́yìn ọdún méjì yóò kàn tú okùn náà díẹ̀ ni. Nítorí pé ó fẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ itan, kò sì lẹ̀ mọ́ orúnkún. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ síta, bí orúnkún bá ń gbá ara wọn, èyí tí a ń pè ní kéléègì, kẹ̀ǹbẹ̀ kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í sì í ṣe aṣọ ọmọdé. Àgbàlagbà ọlọ́lá a máa fi òfì rán an, a máa fi òwú ṣe iṣẹ́ ọnà sí i lára, a sì máa wọ̀ ọ́ lọ sí òde. Kíkúrú ṣòkòtò kò bu iyì ẹnikẹ́ni kù nígbà náà.

N kò sọ pé àwọn Yorùbá àtijọ́ kì í fi ẹsẹ̀ ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnu wa mú púpọ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọn kò rán yẹ̀yẹ́ náà mọ́ aṣọ.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Fún ọdún púpọ̀, àwọn ọkùnrin ọlọ́lá níbẹ̀ ń wọ ṣòkòtò tó mọ sí orúnkún, tó fún mọ́ itan, wọ́n sì ń fi ìbọ̀sẹ̀ ṣẹ́dà bo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Àwòrán ńlá kan wà tí Hyacinthe Rigaud ya ní 1701. Ọba Faransé, Louis Kẹrìnlá, ló wà nínú rẹ̀. Ó ká aṣọ ìgúnwà rẹ̀ sókè, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú kí gbogbo ayé lè rí i. Nígbà tí ọba bá ń fi ẹsẹ̀ yangàn, kí ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yóò ṣe? Àwọn ọkùnrin kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún náà ń di òwú àti aṣọ sínú ìbọ̀sẹ̀ wọn, kí ẹ̀yìn ojúgun wọn lè dà bí èyí tó ní ẹran lára. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lẹ́yìn náà, àánú wọn ṣe mí, nítorí pé ohun tí àwa náà ń ṣe lónìí kò yàtọ̀. Ara ni wọ́n ń tún ṣe kí ó lè bá aṣọ mu.

Ṣòkòtò yìí kan náà dá ọ̀tá sílẹ̀. Nígbà ìyípadà ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1789, àwọn òṣìṣẹ́ àti aláìní tó dìde sí àwọn ọlọ́lá ni a ń pè ní sans-culottes, ìyẹn àwọn tí kì í wọ ṣòkòtò ọlọ́lá tó mọ sí orúnkún. Ṣòkòtò gígùn ti òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń wọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ṣòkòtò gígùn borí, ó di aṣọ ọkùnrin ní Yúróòpù. Èyí tó kúrú di ti àwọn ọmọdékùnrin. Ọmọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò máa wọ péńpé títí ọjọ́ tí wọ́n bá gbà pé ó ti ń dàgbà, kí wọ́n tó fún un ní ṣòkòtò gígùn.

Èrò yìí, pé ṣòkòtò kúkúrú ni ti ọmọdé, wà nínú ẹrù àwọn Òyìnbó nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ooru ilẹ̀ wa mú un di ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn wọ péńpé kákí nínú oòrùn. Láti Íńdíà ni ọ̀rọ̀ kákí ti wá, àwọ̀ eruku ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ wọ péńpé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ọ̀gá sì ni ó jẹ́. Àwọn ọmọ ogun tí Lugard bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ fún Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti 1897 wọ péńpé kákí. Olópàá tó wà lábẹ́ ìjọba amúnisìn wọ̀ ọ́ pẹ̀lú, ó sì wà nínú àwọn àwòrán ìgbà náà. Ọkùnrin tó ń se oúnjẹ fún Òyìnbó wọ̀ ọ́, bí ó tilẹ̀ ti bímọ tó ti ní ọmọ-ọmọ, bọ́ọ̀yì ni wọ́n sì ń pè é. Aṣọ kan náà ni. Lára ọ̀gá, ìgbádùn ni. Lára ìránṣẹ́, àmì pé kò tíì dàgbà lójú ọ̀gá rẹ̀ ni. Ní erékùṣù Bermuda, tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà, péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn di aṣọ tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì láìsí ìtìjú títí di òní. Nítorí náà, ojú tí ènìyàn fi ń wo ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń sọ ọ́ di iyì tàbí àbùkù.

Ilé ẹ̀kọ́ náà gba péńpé wọlé. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, ogunlọ́gọ̀ ọmọ ló rọ́ wọ kíláàsì. Níkà kákí ni aṣọ ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin láyé ìgbà náà, ó sì bọ́gbọ́n mu. Aṣọ díẹ̀ ni yóò tán lórí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò lè ya, ọmọ tó ń yára ga kò sì ní í tètè ré e kọjá. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń tẹ̀ lé ìlànà yìí: níkà fún àwọn kékeré, ṣòkòtò gígùn fún àwa àgbà. Kò burú. Ṣùgbọ́n ó ti gbin èrò kan sí wa lọ́kàn pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, ọmọdé ni.

Ní ti àwọn obìnrin, ogun tiwọn tún yàtọ̀. Ìró àti tòbí ni àwọn ìyá wa ń ró, wọn kò bá ọkùnrin du ṣòkòtò. Ní òkèèrè, wọ́n ní láti jà fún un. Ní Paris, òfin kan jáde ní 1800 pé obìnrin tó bá fẹ́ múra bí ọkùnrin gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọdún 2013 ni ìjọba Faransé tó kéde pé òfin náà kò lágbára mọ́. Ní Amẹ́ríkà, Amelia Bloomer gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní 1851 pé kí obìnrin máa wọ ṣòkòtò fífẹ̀ sábẹ́ yẹ̀rì kúkúrú, kí wọ́n lè rìn láìfa aṣọ nílẹ̀. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín títí.

Tirikọ́tà tí àwọn ọmọbìnrin ń wọ̀ lónìí ní ìyá. Sonja de Lennart, obìnrin ará Jámánì kan tó ń ṣe aṣọ, ló gbé e jáde ní 1948. Ó fún, ó sì mọ sí òkè ọrùn ẹsẹ̀. Ó fi orúkọ Capri pè é, ìyẹn erékùṣù kan ní Ítálì. Audrey Hepburn wọ irú rẹ̀ nínú fíìmù Sabrina ní 1954, ayé sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní 1961, Mary Tyler Moore bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ nínú eré tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ṣe ìyàwó ilé. Àwọn kan tó wà nídìí eré náà kọminú sí i. Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé irú èyí ni àwọn obìnrin ń wọ̀ nínú ilé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé obìnrin tó ga, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ni Hepburn. Àwòrán rẹ̀ ni ayé gbé dání nígbà tí wọ́n ń ra ṣòkòtò yìí. Ohun tó bá ẹsẹ̀ ẹnì kan mu di òṣùwọ̀n fún gbogbo ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí gan-an ni ó wá gbé mi dé ibi tí mo ń lọ. Bí ẹ bá yí ìbàdí ṣòkòtò tí a rà lọ́jà wò, ẹ ó rí nọ́ńbà kan níbẹ̀. Níbo ni wọ́n ti rí nọ́ńbà náà? Ní 1939 àti 1940, ìjọba Amẹ́ríkà rán àwọn ènìyàn jáde láti wọn ara àwọn obìnrin kí àwọn tó ń rán aṣọ tà lè ní òṣùwọ̀n kan náà. Wọ́n wọn obìnrin tó tó nǹkan bí 15,000, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1941. Àwọn obìnrin tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun tí wọ́n wọn, wọn kò ka tiwọn mọ́ ìṣirò. Orí iṣẹ́ yìí ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n tí ìjọba gbé jáde ní 1958 kà. Wọ́n pa òṣùwọ̀n náà tì ní 1983, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń lo nọ́ńbà tó wù ú láti ìgbà náà. Ẹ wo bí ó ti rí: wọ́n ka ara àwọn kan, wọ́n yọ ti àwọn kan kúrò, lẹ́yìn náà ni aṣọ wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ọjà wa. Òmíràn dé ní titun. Èyí tó pọ̀ jù dé ní òkìrìkà, tí a ń bẹ̀rẹ̀ ṣà nílẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa wọ̀ ọ́, ìdí rẹ̀ kò gbà á, ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí ibi tí kò yẹ, ó sì padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé ẹsẹ̀ òun kò dára. Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọn kò wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rán aṣọ náà ni.

Nígbà tí mo ń kó ohun tí n ó kọ jọ, mo lọ bá bàbá kan tó ń ránṣọ ní àdúgbò wa. Mo kí wọn, mo sì béèrè pé: "Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn ẹsẹ̀ kan wà tí kò dára fún ṣòkòtò péńpé?" Wọ́n fa téèpù ọrùn wọn yọ, wọ́n ní, "Ọmọ mi, téèpù yìí kì í bú ènìyàn. Iye tó bá rí ni yóò sọ." Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi bí àwọn aránṣọ ṣe ń wo ẹsẹ̀, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ìtàn ni òun náà. Láti ọwọ́ ọ̀gá wọn ni wọ́n ti gbà á, ọ̀gá wọn sì gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Wọ́n ní ibi mẹ́ta ni ẹsẹ̀ ti máa ń kéré: òkè orúnkún díẹ̀, abẹ́ orúnkún kí ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó bẹ̀rẹ̀, àti òkè kókósẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni kí ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò dúró sí. Bí ó bá dúró sí àárín ẹran ẹ̀yìn ojúgun, níbi tó ti tóbi jù, ibẹ̀ ni ojú gbogbo ènìyàn yóò lọ.

Fún ẹni tó kúrú bíi tèmi, wọ́n ní kí ṣòkòtò náà mọ sí òkè orúnkún, tàbí kí ó lọ tààrà dé òkè kókósẹ̀ láìfẹ̀. Èyí tó bá dúró sí agbede-méjì yóò gé ẹsẹ̀ sí ọ̀nà méjì, ẹni náà yóò sì dà bí ẹni tó kúrú sí i. Kí ẹ̀wù òkè má gùn bo itan, kí bàtà má sì yàtọ̀ jù sí àwọ̀ ara tàbí àwọ̀ ṣòkòtò. Fún ẹni tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́ orúnkún dára, aṣọ tó nípọn díẹ̀ sì yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó má fẹ̀ jù, kí ẹsẹ̀ má baà dà bí ọmọ odó nínú odó ńlá. Ẹni tí itan rẹ̀ tóbi, kí ṣòkòtò rẹ̀ lọ gbọọrọ láti itan dé ìsàlẹ̀, kí ó má fún ní orúnkún, kí wọ́n má sì rán àpò ńlá mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ síta, kí ó wọ èyí tó fẹ̀, tó kọjá orúnkún díẹ̀. Ẹni tó ní kéléègì, kí ó wọ èyí tí kò fún, tó mọ sí òkè orúnkún. Gbólóhùn tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni pé kí a máa wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí pé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gùn dọ́gba, kí ẹni tí a ń wọ̀n sì wọ bàtà tí yóò wọ̀ jáde.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí tó kan ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, mo dákẹ́ díẹ̀. Kẹ̀ǹbẹ̀ ni bàbá ń júwe. Àwọn baba wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó kọ nọ́ńbà sí ìbàdí ṣòkòtò.

Ó ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ní ọdún tó kọjá, àwa mẹ́rìnlélógún la fẹ́ jó ijó bàtá ní Ọjọ́ Àṣà ilé ẹ̀kọ́ wa. Ṣòkòtò tó ti wà ní rírán tán ni wọ́n rà fún wa lọ́jà, oríṣi ìwọ̀n méjì péré. Ó fún ní orúnkún, ó sì mọ sí àárín ẹ̀yìn ojúgun. Àwọn mẹ́ta kò bá wa jó mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ó mọ bàtá jó jù nínú gbogbo wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ síta. Ó sọ fún olùkọ́ pé ara òun kò yá. Ó jókòó sẹ́yìn, ó ń fi ìka lu orúnkún rẹ̀ bí ìlù ti ń lọ. Ijó kò ṣe nǹkan kan fún ẹsẹ̀ yẹn rí ju pé kí ó mú un dára sí i lọ. Ṣòkòtò ló lé e kúrò lójú agbo.

Ní ọdún yìí, èmi náà wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò yan aṣọ ijó. Àwọn kan ní kí a tún lọ ra ti ọjà, nítorí pé bí gbogbo wa bá wọ ìwọ̀n kan náà, a ó dọ́gba lójú. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ bàbá aránṣọ lọ. Wọ́n ní òdìkejì ni òtítọ́. Bí a bá wọ gígùn kan náà fún gbogbo ènìyàn, ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò yóò mọ sí orúnkún ẹni gíga, yóò sì kọjá orúnkún èmi tí mo kúrú, ìlà ijó yóò sì rí ségesège. Ṣùgbọ́n bí a bá rán kẹ̀ǹbẹ̀ olókùn, tí a sì wọn gígùn ti ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìbàdí dé abẹ́ orúnkún tirẹ̀, ínǹṣì kálukú yóò yàtọ̀, gbogbo wa yóò sì dọ́gba lójú agbo. Wọ́n ní okùn yóò bójú tó ìbàdí, nítorí náà ìwọ̀n kan péré ni a nílò lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì lè gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí nìyẹn. Ìdọ́gba kò túmọ̀ sí ìwọ̀n kan náà. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba, síbẹ̀ ọwọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Àwọn tó hun ṣòkòtò ní Yanghai mọ èyí. Àwọn tó so okùn mọ́ kẹ̀ǹbẹ̀ mọ èyí. Àwọn tó gbàgbé rẹ̀ ni ọlọ́lá tó ń di òwú sínú ìbọ̀sẹ̀, ọ̀gá tó fi péńpé sọ bàbá àgbà di bọ́ọ̀yì, àti àwọn tó wọn 15,000 obìnrin tí wọ́n sì yọ àwọn kan kúrò nínú ìṣirò.

Ẹ̀yin òbí wa, bí ẹ bá ń ra aṣọ fún wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ pé ẹsẹ̀ wa ni kò jẹ́ kí ó bọ́ sí i. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, kí ó gé ínǹṣì méjì kúrò. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá ń yan aṣọ fún ijó tàbí fún eré ìdárayá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú téèpù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ṣòkòtò kò bá bá yín mu, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, kí ẹ wá èyí tó bá yín mu. Ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún wa ni a fi ń rìn, òun la fi ń sáré, òun náà la fi ń jó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ wa yóò dìbò lórí aṣọ náà. Èmi yóò dìbò fún kẹ̀ǹbẹ̀, mo sì ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi kí ó má tíì pa ẹsẹ̀ bàtá rẹ̀ tì.